MX-5 àbí GT86? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ eré olówó níwọ̀nba

Ẹni tó bá ń gbé Ìlú Ọba, tó fẹ́ ọkọ̀ eré tí kò ní sọ ọ́ di onígbèsè, tó sì fẹ́ máa gbé e lọ sí pápá eré ìje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń já sí méjì: Mazda MX-5 tàbí Toyota GT86. Ìbejì ni GT86 àti Subaru BRZ, ilé iṣẹ́ Subaru ní Gunma ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa ọ̀kan ba èkejì wí. Japan ni gbogbo wọn ti wá. Iwájú ni ẹ́ńjìnì wọn wà, táyà ẹ̀yìn ló ń gbé wọn sáré, jíà ọlọ́wọ́ ló sì yẹ wọ́n jù. Ṣùgbọ́n MX-5 fúyẹ́, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká. GT86 wúwo jù ú lọ, ó ní òrùlé onírin, ó sì ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ọmọdé lè fún ara mọ́. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìnáwó yòókù ti ń jáde.

Lórí títì

Ẹ jẹ́ ká ti orí títì bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ yín yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

MX-5 kọ́kọ́ yọjú ní 1989, níbi àfihàn ọkọ̀ ní Chicago. Ìran mẹ́rin ló ti jáde, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì ń pè wọ́n ní NA, NB (1998), NC (2005) àti ND (2015). NA kò tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ́ńjìnì 1.6 rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju agbára ẹṣin 115 lọ, síbẹ̀ ọkọ̀ yìí tà débi pé nígbà tó fi máa di 2016, Mazda ti ṣe mílíọ̀nù kan. Kò nílò eré àsápajúdé kó tó dùn. Lójú ọ̀nà ìgbèríko tóóró, ní Kent tàbí ní Wales, ẹ ó ti jẹ adùn jíà kejì àti ìkẹta kí ẹ tó dé 60 máìlì ní wákàtí tí òfin gbà yín láyè. Ọwọ́ kan lẹ fi ń ká òrùlé ND sẹ́yìn láti orí ìjókòó. Bí oòrùn bá yọ nígbà tí iná títì ṣì pupa, òrùlé ti ṣí kí wọ́n tó ní kí ẹ máa lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó há. Ẹni tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, kó kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ kó tó nájà. Bùùtù rẹ̀ gba báàgì kékeré méjì. Kò gba kúlà òde àríyá, ẹ má tan ara yín.

GT86 dé ní 2012. Ẹ́ńjìnì 2.0 rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, pístìnnì méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ìdí nìyẹn tó fi wà nísàlẹ̀ púpọ̀ tí ọkọ̀ kì í fi í fẹ̀gbẹ́ rọ̀ ní kọ́nà. Agbára ẹṣin 200 ni, àmọ́ ó dìgbà tí ẹ́ńjìnì bá yí dé ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan kí gbogbo rẹ̀ tó pé. Láàárín nǹkan bí 3,500 sí 4,500, ihò kan wà nínú agbára yẹn: ẹ tẹná, kò sì tètè dáhùn. Ẹni tó bá ń ti inú ọkọ̀ turbo bọ̀, ìyẹn èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, á rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Táyà tí wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú rẹ̀, Michelin Primacy HP, kì í ṣe táyà eré. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí Prius, ọkọ̀ Toyota tí wọ́n ṣe láti ṣọ́ epo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tetsuya Tada, ọ̀gá ẹnjiníà tó darí iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kò fẹ́ turbo, kò fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbé ọkọ̀, kò sì fẹ́ táyà tó lẹ̀ mọ́ títì jù, kí awakọ̀ lè mọ ìgbà tí ìdí ọkọ̀ fẹ́ yọ̀ láìtíì sáré púpọ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú òjò Manchester, lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, ẹ má pa ẹ̀rọ tó ń dènà yíyọ̀ o.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, tí ọmọ ń lọ síléèwé, GT86 borí lórí títì, kò sí àríyànjiyàn. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn nílé, MX-5 ló ń múni rẹ́rìn-ín jù.

Lórí pápá

Trackday, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ṣí pápá fún ọkọ̀ ara ẹni, kì í ṣe ìdíje. Ẹ sanwó, wọ́n gbà yín láàárọ̀, wọ́n kà òfin sí yín létí, ẹ wọ akoto, ẹ sì wọlé. Wọn kì í ka àkókò, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà yà ẹlòmíì sílẹ̀, ó sì dìgbà tí onítọ̀hún bá fún yín láyè. Brands Hatch ní Kent, Snetterton ní Norfolk àti Bedford Autodrome wà níbi tí ará London lè lọ kó sì padà sílé lálẹ́.

Ibí ni òrùlé ti di ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò trackday kì í jẹ́ kí ọkọ̀ aláìlórùlé wọlé láìsí irin ààbò lẹ́yìn orí awakọ̀, akoto yín kò sì gbọdọ̀ yọ ga ju irin náà lọ. Fún MX-5, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ti wọgbó nìyẹn kí táyà tó kan pápá, ẹni gíga sì lè ní láti yọ ìjókòó kó wá èyí tó lọlẹ̀. Ẹ ka òfin ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún kí ẹ tó ra irin, torí òfin wọn kò rí bákan náà.

GT86 bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Bí ẹ bá tún tẹ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, táyà mẹ́rin pẹ̀lú ríìmù wọn á wọlé. Wọ́n wọn inú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yẹn ni. Ẹ wakọ̀ lọ lórí táyà títì, ẹ pààrọ̀ níbẹ̀, ẹ ṣeré, ẹ pààrọ̀ padà, ẹ máa lọ sílé. Kò sí ọkọ̀ àfàjá, kò sí ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀.

MX-5 wá ń gbẹ̀san lórí ohun tó ń jẹ. GT86 wọn nǹkan bí 1,240 kílò. ND kò fi bẹ́ẹ̀ lé lórí tọ́ọ̀nù kan. Ìwúwo yẹn ni bíréèkì ń dá dúró ní gbogbo kọ́nà, òun náà ni táyà ń rù. Táyà ND 1.5, 195/50 lórí ríìmù 16, kéré sí ti GT86 tó jẹ́ 215/45 lórí 17, owó rẹ̀ sì kéré. Ti NA, tó jẹ́ 14, tún wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn fún ọdún mẹ́ta kí ẹ tó wo iye tí olówó ọkọ̀ ń pè.

Eré ńkọ́? Ní Silverstone, níbi tí títì tó tààrà gùn, GT86 á fi ND 1.5 sílẹ̀. Ní Brands Hatch Indy tí kò ju máìlì 1.2 lọ, ìyàtọ̀ kéré, torí kọ́nà kì í jẹ́ kí agbára ẹṣin rí àyè ṣe fújà. Paddock Hill, kọ́nà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ń rọ̀ wá sísàlẹ̀ lójijì débi pé àyà ni ẹ ó fi kọ́kọ́ wà á. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń foríji àṣìṣe níbẹ̀.

Kí lẹ ó kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin á ra ọkọ̀ lónìí, lọ́la á lọ ra ṣálẹ́ńsà tó ń bú ramúramù. Owó ègbé ni. Kí ẹ tó wọ pápá, wọ́n á gbé ẹ̀rọ ka ariwo ọkọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ibi kì í gbà ju dẹ̀sìbẹ́lì 105 lọ, Bedford sì le ju bẹ́ẹ̀. Ṣálẹ́ńsà yẹn ló máa dá yín padà sílé.

Ọ́ìlì bíréèkì ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀, nínú ọkọ̀ méjèèjì. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá ti pẹ́, ooru pápá á mú un hó, ẹsẹ̀ yín á sì kanlẹ̀ tí ọkọ̀ kò ní dúró. Ẹ wá DOT 4 tí kì í hó títí ooru fi kọjá 300 lórí ìwọ̀n Celsius. Páàdì tó gba ooru ló tẹ̀ lé e, GT86 sì nílò rẹ̀ kíákíá ju MX-5 lọ nítorí ìwúwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, táyà tó dáa. Kò sí owó mìíràn tí ẹ lè ná tó yára yí ọkọ̀ padà tó báyìí.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í gbọ́: aláìnmẹ́ǹtì. MX-5 ní bóòlùtù tí ẹ fi lè yí bí táyà ṣe fẹ̀gbẹ́ tì padà, níwájú àti lẹ́yìn, láti ilé iṣẹ́ ni. Ẹ san owó aláìnmẹ́ǹtì nìkan, ọkọ̀ ti di tuntun. GT86 kò ní irú rẹ̀ níwájú. Ẹ ó ra bóòlùtù àtúnṣe tàbí àwo orí ṣọ́kì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí òde táyà iwájú ni yóò jẹ tán lórí pápá nígbà tí etí inú ṣì dúró digbí. Bí ẹ bá rí GT86 kan tí wọ́n ti ṣe èyí sí, tí rìsíìtì sì wà, ó yẹ kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé owó rẹ̀.

Ẹ lè jẹ́ kí pípààrọ̀ ṣọ́kì àti síríìngì dúró fún sáà kan gbáko. Ẹ má ra coilover (ṣọ́kì àti síríìngì alápapọ̀ tí gíga rẹ̀ ṣeé yí) olówó pọ́ọ́kú. Èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá, tí kò tíì gbó, sàn jù ú lọ.

Ní ti agbára, MX-5 ní BBR, ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ní Brackley, tó ti ń so turbo mọ́ ọn láti ìgbà NA, tí wọ́n sì ń ta ohun èlò fún ND títí di òní. Fún GT86, pààrọ̀ páìpù tó kọ́kọ́ gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ṣe. Ihò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á dí gan-an. Ẹ ṣọ́ra, catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀ títì, yóò já MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Turbo lórí GT86 ń béèrè pé kẹ́ ẹ ronú nípa ooru ọ́ìlì, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà pẹ̀lú, owó náà sì lè tó ti MX-5 àlòkù kan.

Ìnṣọ́ránsì: ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà fún wọn, títí kan ríìmù. Ìnṣọ́ránsì títì lásán kì í sábà bo trackday. Ti ọjọ́ kan wà lọ́tọ̀ tí ẹ lè rà.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ wò

Dídípẹtà ló ń pa NA àti NB. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn lápá ẹ̀yìn àti etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Lára NB, irin gígùn abẹ́ ẹ́ńjìnì níwájú ló léwu jù, torí ọ̀dà lè bo ohun tó ti jẹrà nínú. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wo ìtàn MOT rẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ nípa ìpẹtà á ti wà níbẹ̀ láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn. ND 2.0 àkọ́kọ́ ní jíà tí kò lágbára tó, pàápàá fún ẹni tó ń fi agídí pààrọ̀ jíà. Ẹ wà á, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ ní jíà kejì àti ìkẹta. Láti nǹkan bí 2018 ni 2.0 ti di agbára ẹṣin 184, èyí tó sì dára jù nínú gbogbo wọn nìyẹn.

GT86 kì í dípẹtà tó bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni pé ní 2018, Toyota àti Subaru pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 2012 àti 2013 padà nítorí síríìngì fáàfù inú ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ́ńjìnì ní láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣe é, kí ẹ sì béèrè iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn lẹ́yìn náà.

Ará London, ẹ tún wo ULEZ, agbègbè tí wọ́n ti ń ṣọ́ èéfín ọkọ̀. Láti oṣù kẹjọ 2023, gbogbo London ló wọ inú rẹ̀, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu. GT86 kò ní ìṣòro. NA àti NB kan lè ní, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì TfL, àjọ ìrìnnà London, kí ẹ tó lọ gbé e.

Àwọn tó ń béèrè GR86, àbúrò GT86, tó ní ẹ́ńjìnì 2.4 àti agbára ẹṣin 234: ọkọ̀ náà dùn, ihò agbára ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kó wá sí Britain ní 2022 kò tó nǹkan, wẹ́rẹ́ ló sì tán. £29,995 ni wọ́n pè é nígbà yẹn. Àlòkù rẹ̀ kì í wálẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Houston tàbí Maryland ni ọ̀rọ̀ yìí tú lára: ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Toyota níbẹ̀, ẹni tó bá sì ra tuntun ń gba ọjọ́ kan lórí pápá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ NASA, ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ ni o, kì í ṣe ti òṣùpá.

Ẹ má sì rà á ní Britain pẹ̀lú èrò pé ẹ ó fi ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ iwájú. Sítíárì apá ọ̀tún ni, Nàìjíríà kò sì gbà á.

Bó bá jẹ́ owó mi ni, tí mo sì ní ibi tí mo ń gbé ọmọ sí, ND 2.0 tó ní LSD (ẹ̀rọ tó ń pín agbára sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì kí ọ̀kan má yí lásán) ni mo máa rà. Bí pápá bá jẹ́ ìdí pàtàkì tí ẹ fi ń ra ọkọ̀, tàbí tí orí yín ń kan òrùlé, ẹ ra GT86 ti 2014 sókè, kí ẹ sì fi owó tó ṣẹ́kù ra páàdì àti táyà. Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá tú kúrò lára rẹ̀ sínú páálí, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ gbé e sí gáréèjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, kí ẹ sì ta ohun èlò àtúnṣe lọ́tọ̀. Ọ̀nà méjèèjì ni owó á gbà wọlé.