Ìtọ́jú MST: Òbí Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Kọ́, Kó Tó Kan Ọmọ

Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un lẹ́ẹ̀kejì ní London, nítorí fóònù tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ já gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Multisystemic Therapy, ìyẹn MST, lọ̀ wá; ìtọ́jú fún ọ̀dọ́ tó ń rú òfin àti ìdílé rẹ̀ ni. Mo ti rò pé wọn yóò máa pe ọmọ sí ọ́fíìsì kan láti gbà á níyànjú, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ wọn ló ń wá sílé wa, ní àkókò tí iṣẹ́ mi bá fàyè sílẹ̀, èmi gan-an ló sì ń bá ṣiṣẹ́ jù.

Ní ọjọ́ kejì tó wá, ó tẹ́ ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sórí tábìlì ìjẹun, ó kọ ọ́ sí àárín rẹ̀ pé ọmọ kì í wọlé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó sì ní kí n máa ka gbogbo ohun tó ń fà á. Bí a ṣe ń kọ ọ́ lọ ni mo rí i pé láti aago mẹ́ta ààbọ̀ tí ilé ìwé ń parí, títí di aago mẹ́jọ tí mo ń ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí àgbàlagbà kankan tó mọ ibi tí ọmọ mi wà, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ òbí ẹyọ kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Obìnrin oníṣẹ́ náà kò dá mi lẹ́bi; ó kàn béèrè ẹni tó lè bá mi dúró dè é ni. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbà láti máa ṣe é, mo sì wá ìyá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kàn, a jọ fẹnu kò sí aago kan náà tí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà ní Abẹ́òkúta nìyẹn, tí ojú gbogbo àdúgbò wà lára ọmọ; ìtìjú ni kò jẹ́ kí n bẹ ẹnikẹ́ni níhìn-ín.

Scott Henggeler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìdílé mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni oníṣẹ́ kan ń bójú tó, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì yẹ kí òbí rí ẹni pè tọ̀sán-tòru. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 lórí ọ̀dọ́ 176 ní Missouri, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba MST ni wọ́n tún mú láàárín ọdún mẹ́rin, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 71 fún àwọn tí wọ́n dá tọ́jú láìsí ìdílé wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe lórí ìdílé 684 ní England, tó jáde ní 2018, fi hàn pé MST kò ju ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ ní ti kí wọ́n má baà mú ọmọ kúrò nílé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ fún òbí kankan pé oògùn ajẹ́bíidán ni.

Ohun tí mo rí wí sí lọ́dọ̀ àwọn tó tọ́jú wa ni pé, ní òru ọjọ́ kan tí mo pè nígbà tí ọmọ kò wọlé, ẹni tí kò mọ̀ wá rí ló gbé fóònù, àfi bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún lójú. Oṣù mẹ́rin tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa tún kéré. Ó yẹ kí wọ́n máa padà wá wo ìdílé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ.

Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àkókò yín, nítorí ọwọ́ yín ni iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa, ọmọ mi tún pẹ́ níta. Kí n tó mú fóònù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá méjèèjì ti pè mí pé ó wà lọ́dọ̀ òun, ó ń jẹun lọ́wọ́.