Ìwé-ẹ̀rí wo ló yẹ ibùdó ìpè pàjáwìrì Èkìtì: ti CALEA ni tàbí ti IAED?

Bí ibùdó tó ń gba ìpè 112 ní Adó-Èkìtì yóò bá gba ìwé-ẹ̀rí àgbáyé, ọ̀nà méjì yìí ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. CALEA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979 láti máa fún iléeṣẹ́ agbófinró ní ìwé-ẹ̀rí, tó sì ń fún ibùdó ìpè náà, máa ń yẹ ètò ibùdó wò látòkè délẹ̀: ìgbanisíṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìṣàkóso.

IAED, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì, ní tirẹ̀ ń tẹjú mọ́ ìpè fúnra rẹ̀. Ohun 20 ni ibùdó gbọ́dọ̀ mú ṣẹ, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń sọ ìwé-ẹ̀rí náà dọ̀tun. Ibùdó gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí àwọn ìpè tó ti gbà sílẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ béèrè ohun tí ìlànà là kalẹ̀, tí ó sì kọ́ ẹni tó pè bí a ti ń tẹ àyà aláìsàn kí ọkọ̀ tó dé. Ti IAED yìí ni mo fara mọ́, nítorí pé bí ìyá kan bá pè láti ọ̀nà Ìkọ̀lé pé ọmọ òun dákú, “Ṣé ó ń mí dáadáa?” ni ìbéèrè tí kò gbọdọ̀ pẹ́, ní èdè tí ìyá náà gbọ́. CALEA kì í fi ìlànà ìbéèrè kan pàtó lé ibùdó lọ́wọ́.