Federal HST 9mm, grain 124: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń tà á?

HST ni ọta ààbò ara tí ilé iṣẹ́ Federal ń ṣe; 9mm ni bí ọta náà ṣe tóbi tó, grain 124 sì ni bí orí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ní Amẹ́ríkà, orí 9mm ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ìbọn ìléwọ́ kiri fún ààbò ara ń já sí, kò sì burú. Oríṣi ọta míì tó ń jẹ́ .45 máa ń ta ọwọ́ jù ú lọ, iye ọta tí ìbọn ń gbà sì máa ń dín kù. Èyí tó ń jẹ́ .380 fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bí ọta rẹ̀ bá là, kì í sábà wọlé tó.

Imú HST jinhò. Bó bá wọ nǹkan rírọ̀, á là bí òdòdó, ìyẹn ni kì í sábà jẹ́ kó gba inú ẹnì kan kọjá lọ bá ẹlòmíì. Òṣùwọ̀n FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ni pé kó wọ jẹ́látì tí wọ́n fi ń dán ọta wò bí ẹran ara tó ínǹṣì 12, kó má ju 18 lọ. Aṣọ tó nípọn máa ń dí ihò imú ọta míì pa, kò sì ní í là mọ́. HST kì í sábà ní ìṣòro yẹn.

Owó rẹ̀ ló ń dunni. Bó o bá pín owó náà sórí ọta kọ̀ọ̀kan, páálí oní-50 sábà máa ń dín owó ju oní-20 lọ, ọta kan náà sì ni. Yin HST 100 ó kéré tán nínú ìbọn rẹ kó o tó gbé e jáde. Fi ọta pọ́ọ́kú oní-grain 124 kọ́ṣẹ́.

Má ṣe máa yọ ọta kan náà kúrò nínú ìbọn, kó o sì tún máa kì í wọ̀ ọ́, lójoojúmọ́. Imú rẹ̀ á máa rì sínú kóòpò, ìyẹn ìdí ọta tó gbé ẹ̀tù dání, agbára ẹ̀tù á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta tuntun. Bó bá kúrú, má yìn ín. Ará New Jersey, ẹ ka òfin yín dáadáa lórí ọta onímú jíjinhò.