Rọ́bà bútílì fún ọkọ̀ tó ń jò: ó dára, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo ojú ihò

Okùn dúdú rírọ̀ ni bútílì, a fi ń dí ibi tí omi ń gbà wọ ọkọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè, ìwé pẹlẹbẹ sì wà láàárín rẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí mo lò fẹ̀ tó mílímítà 9, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15 (bíi mítà 4 ààbọ̀). Fún ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti iná ẹ̀yìn, mi ò tíì rí ohun tó jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń bú u ni kò wádìí ibi tí omi ń gbà wọlé kí wọ́n tó rà á.

Ẹ wo irú omi tó wà nílẹ̀ ná. Bó bá mọ́ lóló, tí kò rùn, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú ló wà, tí òjò ò sì rọ̀, ẹ́síì ni. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Pẹ̀lú ọ̀rinrin ọ̀sà tó wà nínú afẹ́fẹ́ Ìkòròdú, ẹ́síì tó dáa gbọ́dọ̀ máa kán omi sílẹ̀. Bí kò bá kán, họ́ọ̀sì rẹ̀ ti dí. Wáyà rírọ̀ ni kí ẹ fi tú u láti abẹ́. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọkanáísà lè já họ́ọ̀sì náà kúrò nínú lọ́hùn-ún, kápẹ́ẹ̀tì ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ní àwọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì dùn, omi rédíétọ̀ ni, hítà tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná ló ń jò. Bútílì ò kan ìyẹn rárá.

Bó bá jẹ́ pé òjò nìkan ló ń mú un wá, ẹni méjì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀kan nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èkejì lóde pẹ̀lú họ́ọ̀sì. Omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò. Ti kááwọ́ọ̀ṣì máa ń ti omi gba ibi tí òjò kì í gbà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè, ìṣẹ́jú 5 sí ibì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ibi gbogbo á tutù, ẹ ò ní mọ èyí tó jò. Páúdà tí ẹ bá fọ́n sára rọ́bà ilẹ̀kùn á fi ojú ọ̀nà omi hàn. Ọkọ̀ tó ń sùn sábẹ́ igi fúrúùtù tàbí máńgòrò, ẹ kó ewé abẹ́ wáípà kúrò ná. Bí ihò ibẹ̀ bá dí, omi á kún, á sì gba ojú fáànù ẹ́síì wọlé.

Ilẹ̀kùn gan-an ni iṣẹ́ bútílì. Omi máa ń wọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tuntun pàápàá: á gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì sọ̀ kalẹ̀, á sì gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Ọ̀rá tí wọ́n fi bútílì lẹ̀ mọ́ irin lẹ́yìn páńẹ́lì (ìbòrí inú ilẹ̀kùn) ni kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Réwáyà tó tún ẹ̀rọ gíláàsì ṣe, tàbí ẹni tó ki sípíkà ńlá bọ̀ ọ́, á fa ọ̀rá náà ya, á sì dá páńẹ́lì padà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni kápẹ́ẹ̀tì yóò ti máa mu omi.

Ẹ tú ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí ó má dí. Ẹ fi ègé bútílì tuntun tẹ èyí tó ti gbó, kí ẹ fà á. Yóò bá a jáde. Ẹ fi sípírítì nu irin náà, kó gbẹ dáadáa. Ẹ má lo pẹtiróòlù, nítorí ó ń fi epo sílẹ̀, bútílì ò sì ní dì í mú. Ilẹ̀kùn iwájú kan ń gba bíi mítà 3 ààbọ̀. Èyí tó kù lè tó iná ẹ̀yìn kan. Òkè ni kí orí okùn méjèèjì ti pàdé, kí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ ọ̀rá gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn, kí omi máa kán sínú rẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Bí ọ̀rá náà bá ti ya kọjá àtúnṣe, ọ̀rá nínípọn tí bíríkìlà ń tẹ́ kó tó da kọnkéré tó o, ẹ ó rí i rà ní ọjà Sábó.

Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ọ̀sán máa ń mú un rọ̀ jù, tí yóò máa fà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú fíríìjì ló máa wò ó sàn. Bó bá kan aṣọ ìjókòó, ó ti di tiyín nìyẹn.

Ẹ má fi mú gíláàsì iwájú o. Gọ́ọ̀mù polyurethane ló ń dì í mú, nítorí gíláàsì náà wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ró bí ọkọ̀ bá yí. Sílíkónì tó ń rùn bíi fínígà ńkọ́? Ásíìdì inú rẹ̀ á mú irin dípẹtà, ohun mìíràn ò sì ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ lè kún fún omi nígbà tí òkè ti gbẹ, wáyà tó gba ibẹ̀ á sì máa dípẹtà. Ẹ yọ ọ́ sá sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá le, tó ń sán, ti pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ dá a padà.