Yọ́ọ̀tì tuntun: kí wọ́n kàn án fún yín látìbẹ̀rẹ̀, àbí kẹ́ẹ mú èyí tó ti ní mọ́ọ̀dù?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ ra yọ́ọ̀tì tuntun, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, tẹ́ẹ ò tíì tọwọ́ bọ̀wé, ẹ dákun, ẹ ka èyí ná. Mo ti ní kí wọ́n kan ọ̀kan fún mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mítà 34, aluminium, dísáínà tèmi ló yàwòrán ẹ̀ láti orí bébà tí kò ní nǹkan kan lójú. Lẹ́yìn ìyẹn mo ra òmíì tó jẹ́ pé ara ẹ̀ ti ní mọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń da ara ọkọ̀ kí gbogbo ẹ̀ lè rí bákan náà, mítà 30, fáíbà ni, inú ẹ̀ ni wọ́n bá mi tò bí mo ṣe fẹ́. Èkejì yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi di òní. Àkọ́kọ́ ti lọ, ọkàn mi sì balẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí pé ọkọ̀ tó bá tóbi ń jẹ epo tàbí pé ẹ́ńjìnnì méjì dáa ju ọ̀kan lọ, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kàn gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó rọrùn jù ni ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn jáde léraléra bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe mọ́tò, irú èyí tí Sunseeker ń kàn ní Poole tàbí Princess ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa yan irú igi, ẹ máa yan aṣọ àga, ẹ máa yan nǹkan díẹ̀ nípa bí yàrá ṣe tò, ó parí. Èyí tó tẹ̀lé e ni semi-custom, ara ọkọ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì wà àti táǹkì ò ní yí, àmọ́ wọ́n á gbà kẹ́ẹ sún ògiri inú ẹ̀, kẹ́ẹ sọ yàrá méjì di ẹyọ kan, kẹ́ẹ mú dísáínà tiyín wá, Sanlorenzo ní Ítálì gbajúmọ̀ gan-an fún irú ẹ̀. Ìkẹta ni full custom, èyí tí wọ́n ń kàn látìbẹ̀rẹ̀ láìní mọ́ọ̀dù, tí Feadship ní Netherlands àti Lürssen ní Jámánì ń ṣe. Lürssen yìí ló kan Azzam tó jáde ní 2013, mítà 180, ẹni tó bá fẹ́ irú ìyẹn, kò sí mọ́ọ̀dù ẹ̀ níbì kankan, wọ́n gbọ́dọ̀ kàn án ni. Yáàdì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀, tó kan tèmi ò sí lára àwọn tí mo dárúkọ yìí o. Semi-custom àti full custom ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn méjèèjì ló máa ń da àwọn olùrà lọ́kàn rú.

Àkókò: full custom tèmi, wọ́n ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ, ó gba ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún. Semi-custom gba oṣù mẹ́rìndínlógún, ó sì jáde lọ́sẹ̀ tí wọ́n dá.

Ẹwà: full custom ló borí, mi ò lè purọ́. Iwájú ọkọ̀ yẹn, bó ṣe tẹ̀ dẹ̀dẹ̀ lọ sínú omi, mi ò tíì rí irú ẹ̀ lára ọkọ̀ ẹlòmíì.

Ariwo àti gbígbọ̀n: ẹ ní kí wọ́n kọ iye decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ní yàrá yín sínú kọ́ńtáráàtì, nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré àti nígbà tó bá dúró tí jẹnẹrétọ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ o, kì í ṣe "ọkọ̀ yóò dákẹ́ rọ́rọ́".

Ó wá kan ohun tó jẹ́ kí n máa kọ nǹkan yìí, ìyẹn ìwé àyípadà, variation order, VO làwọn ará yáàdì ń pè é. Ẹni tó bá ń kan full custom á tọwọ́ bọ ìwé yìí títí ọwọ́ á fi máa dùn ún. Kò sẹ́ni tó lè rí gbogbo nǹkan lórí àwòrán, ẹ ó débẹ̀, ẹ ó rí i pé ilẹ̀kùn kan ń ṣí sí ibi tí kò yẹ, ẹ ó ní kí wọ́n yí i, wọ́n á ní "kò sí wàhálà", wọ́n á mú ìwé wá. Ọ̀rọ̀ "kò sí wàhálà" yẹn gan-an ni ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tèmi rèé. Wọ́n ti so òkè ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, àwọn wáyà ti ń wọlé, mo wá lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan lórí ọkọ̀ tiẹ̀, ó ní jacuzzi sórí dẹ́kì òkè pátápátá, a jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó wù mí. Mo padà dé yáàdì, mo ní kí wọ́n fi sí tèmi. Wọ́n mú ìwé ojú-ewé kan wá, iye owó wà níbẹ̀, mo wò ó, mo ní ó ṣeé san. Ìlà kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa fi pẹ́ sí i, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "a ó sọ ọ́ tó bá yá". Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ wo ohun tó wà nínú jacuzzi kan ṣoṣo. Omi tó bá kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan, tọ́ọ̀nù kan ni ìwúwo ẹ̀. Jacuzzi tèmi ń gba bíi tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, a ò tíì ka àwọn èèyàn tó máa jókòó sínú ẹ̀. Ẹ wá gbé ìyẹn sí ibi tó ga jù lára ọkọ̀, ọkọ̀ á fẹ́ máa fì ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnjiníà ní láti ṣírò ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, irú àwọn Lloyd's Register tàbí RINA tàbí Bureau Veritas, kí wọ́n dúró de èsì. Dẹ́kì ní láti lágbára sí i, kó tó lè lágbára sí i wọ́n á jó irin mọ́ ọn lábẹ́, abẹ́ ẹ̀ yẹn dẹ̀ rèé, sílíìnì pálọ̀ ni, wáyà àti páìpù éàkọ́ndíṣọ̀n ti gba ibẹ̀ kọjá, gbogbo ẹ̀ ló jáde síta. Ọ̀nà tí omi máa gbà jáde, ẹ̀rọ tó máa mú un gbóná, iná tó máa gbé ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kọ̀wé sí mi pé eré nọ́ọ̀tì 24 (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ ojú omi) tí àwọn ṣèlérí nínú kọ́ńtáráàtì ti di 23, torí èmi ni mo ní kí ọkọ̀ wúwo sí i. Ọjọ́ tí wọ́n "sọ tó bá yá" yẹn jẹ́ 74.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló dùn mí ju owó lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Kọ́ńtáráàtì mi ní tí ọkọ̀ bá pẹ́, mo máa fi ọjọ́ 30 jì wọ́n, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa san owó ìtanràn fún mi lójoojúmọ́. Yáàdì yẹn ti pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ jacuzzi rárá, wọ́n ti kó àwọn wẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ mi lọ sórí ọkọ̀ ẹlòmíì fún oṣù mẹ́rin, mo fojú ara mi rí i. Nígbà tí ọkọ̀ máa jáde ó ti pẹ́ tó nǹkan bí ọjọ́ 270, mo ní ó tó àkókò kí wọ́n san ìtanràn. Wọ́n kó VO mọ́kàndínlógún síwájú mi, gbogbo ẹ̀ ni mo tọwọ́ bọ̀, wọ́n ro ọjọ́ inú ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 251. Ẹ fi 30 tí mo fi jì wọ́n kún un, ó di 281, ó ju 270 lọ. Bí gbogbo ìpẹ́ tiwọn ṣe di tèmi nìyẹn, ìtanràn di òdo. Lọ́yà mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ló wà níbẹ̀." Owó VO lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ owó ọkọ̀. Bí èèyàn bá ní kóun tẹ̀lé dídùn ìfọ́n, á họra dé eegun, ohun tí full custom máa ń ṣe fún èèyàn nìyẹn, ilẹ̀kùn àyípadà ò tì, ẹ ó kàn máa wọlé ni.

Semi-custom ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n fún mi ní ìwé kan tó ní ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan máa tì: ògiri inú ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹfà, iná àti wáyà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì, ó ṣì jìnnà. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án mo ní kí wọ́n bá mi fi ògiri dí kíṣìnnì kúrò lára pálọ̀. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò mí lójú, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ó ti tì." Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti lo ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́rin báyìí, mi ò rántí ògiri yẹn mọ́. Ohun tí wọ́n bá sì gbà fún yín, wọ́n ti ṣe é fún ẹlòmíì rí, wọ́n mọ ìwúwo ẹ̀, wọ́n mọ iye ẹ̀, ó wà nínú ìwé, kò sí pé wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣírò.

Tó bá jẹ́ pé full custom lẹ ṣì fẹ́, ẹ má tọwọ́ bọ VO kankan tí kò bá sọ mẹ́rin yìí lójú kan náà: owó, ọjọ́, ìwúwo, àti ohun tó máa ṣe sí eré ọkọ̀. Kí kọ́ńtáráàtì sọ pé èyí tí ò bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe VO. Ẹ ní kí wọ́n fi pákó kan yàrá yín àti báluwẹ̀ yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, kẹ́ẹ wọbẹ̀, kẹ́ẹ dùbúlẹ̀, kẹ́ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, kí wọ́n tó gé irin. Ohun tẹ́ẹ bá ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rà wá, ẹ tètè rà á, òkúta báluwẹ̀ mi pẹ́ dé, ọjọ́ yẹn náà wà nínú 251 tí mo wí. Kẹ́ẹ sì wo iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé mábù àti àwọn nǹkan báyìí máa jẹ, wọ́n máa ń kọ kékeré síbẹ̀ kí owó ọkọ̀ lè dà bíi pé kò pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa san ìyókù.

Owó sísan: díẹ̀díẹ̀ ni méjèèjì, bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé ibì kan. Ẹ jẹ́ kí báǹkì yáàdì ṣe onídùúró fún owó tẹ́ẹ bá ti san, tí yáàdì bá kógbá wọlé, owó yín á padà. Mi ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìsí ìyẹn, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló ni yáàdì.

Òfin: ẹ mọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí. Mítà 24 ni òfin ọkọ̀ ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò 12 ni yọ́ọ̀tì lè gbé, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó ti di ọkọ̀ èrò. 500 GT ni òfin ti tún ń le sí i, GT yìí kì í ṣe ìwúwo o, àyè tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, torí náà ẹni tó bá wà ní ìtòsí 500 tó fi gíláàsì dí bàkónì kan lè ṣèèṣì kọjá ààlà.

Ibi tí full custom ti sàn ju semi-custom lọ nìyí, mo ní láti sọ ọ́. Láti January 1, 2021, yọ́ọ̀tì mítà 24 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ò tó 500 GT, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, tó bá máa lọ sí etíkun Amẹ́ríkà tàbí North Sea tàbí Baltic, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá òfin èéfín tí wọ́n ń pè ní Tier III mu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ èéfín yẹn máa ń gba àyè gan-an, ó sì ń fẹ́ táǹkì tiẹ̀ fún urea, èròjà tó fi ń fọ èéfín náà. Mọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n kàn máa há ẹ̀rọ yẹn mọ́ yàrá ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe mọ́ọ̀dù yín, kẹ́ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ́ńjìnnì, kẹ́ẹ wò ó bóyá ẹnjiníà lè na ọwọ́ ẹ̀ dé gbogbo fìlítà láìtú nǹkan míì kúrò.

Títà: semi-custom yá jù. Ẹni tó fẹ́ rà mọ irú ọkọ̀ náà, ó lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní irú ẹ̀. Tèmi àkọ́kọ́ pẹ́ lọ́jà.

Àṣírí kan ni pé méjèèjì ń fẹ́ aṣojú tiyín ní yáàdì, ẹni tó máa wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń jó irin, kì í ṣe ẹni tó máa wá wo ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èèyàn tí yáàdì bá bá yín wá, ẹ má gbà á.

Èwo lẹ máa mú? Tẹ́ẹ bá fẹ́ ju mítà 50 lọ, tàbí ẹ fẹ́ ohun tí kò sí mọ́ọ̀dù fún, tẹ́ẹ sì jẹ́ ẹni tó lè pinnu lẹ́ẹ̀kan kó má yí i padà, full custom á dáa fún yín, ẹ ó rí ohun tí owó yín wí. Tẹ́ẹ bá jẹ́ irú tèmi, tí ojú yín ń rí nǹkan tuntun lójoojúmọ́ tó sì ń wù yín, ẹ mú semi-custom, kí ẹlòmíì ti ilẹ̀kùn fún yín.

Nǹkan kan wà tí full custom ò lè fún yín láé: ẹ lè sùn lórí ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ yín, ìyẹn irú ẹ̀ tí wọ́n ti kàn ṣáájú, kẹ́ẹ tó ra tiyín. Kí n tó san owó kankan, mo bẹ ẹnì kan tó ti ń lo ọkọ̀ tó jáde látinú mọ́ọ̀dù kan náà, ó fún mi lálẹ́ méjì. Ní òru àkọ́kọ́ mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ irọ̀rí mi, ó ń dún hùùù títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo tọwọ́ bọ̀wé, ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, ọ̀sẹ̀ kẹfà ò tíì pé, wọ́n fi rọ́bà tó nípọn sí abẹ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì fi nǹkan tó ń gba ariwo dúró sí ara ògiri. Wọ́n kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kọ kílò 180 síbi ìwúwo, wọ́n ní kò ní dín eré kù, níbi ọjọ́ wọ́n kọ 0.