Àgbéyẹ̀wò Crack-Up (1946): Ẹ Pa Iná Yàrá Kí Ẹ Tó Wò Ó

Ìṣẹ́jú 93 ni fíìmù ilé-iṣẹ́ RKO ti Amẹ́ríkà yìí, dúdú-àti-funfun ni, Irving Reis ló sì darí rẹ̀. Pat O'Brien ló ṣe George Steele, ẹni tó ń ṣàlàyé àwòrán fún èrò ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní New York. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó já wọ mùsíọ́ọ̀mù náà bíi wèrè, ó ní réluwéè tí òun wọ̀ forí sọ òmíràn. Ọlọ́pàá wádìí, kò sí jàǹbá réluwéè kankan.

Ibi réluwéè yẹn lọba fíìmù náà. Steele jókòó létí fèrèsé, òkùnkùn ṣú bolẹ̀ níta. Iná kékeré kan yọ lókèèrè, ó ń tóbi bọ̀, ariwo irin ń ga sí i, títí ojú rẹ̀ fi funfun báláú. Robert de Grasse tó di kámẹ́rà mú kò nílò ọkọ̀ tó fọ́ kó tó dẹ́rù bà wá. Ẹ fi íápíìsì sétí. Ẹ sì yẹra fún ẹ̀dà tó ti ṣá, torí ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń jóná á kàn di dúdú ni.

Ọgbọ́n àwọn olè tó ń jí àwòrán mùsíọ́ọ̀mù náà jinlẹ̀: wọ́n á fi ayédèrú rọ́pò ojúlówó, wọ́n á sì dáná sun ayédèrú náà nínú ọkọ̀ òkun. Ta ló máa wá ohun tó ti jóná? Àwòrán kan tí Gainsborough, ayàwòrán ayé àtijọ́, yà ti bá ọ̀nà yẹn lọ, ti Dürer, ayàwòrán àtijọ́ mìíràn, ló kàn.

Steele fi X-ray tú u fó, ohun tó ṣe sì bá ìmọ̀ mu. Ọ̀dà funfun ayé àtijọ́ ní òjé nínú, òjé kì í sì í jẹ́ kí X-ray kọjá. Ibi tí ayàwòrán kọ́kọ́ kùn, tó tún kùn bò, á yọ funfun. Ojú àwòrán nìkan ni adàwékọ rí dà kọ, kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìparí ló dùn mí. Wọ́n da gbogbo àlàyé jọ sí ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Abẹ́rẹ́ pentothal, oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun, tí wọ́n fi da Steele lórí rú, àwọn dókítà lò ó fún ọmọ ogun tí ìpayà bá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò ṣàjèjì sí èrò 1946. Ẹni tó ń wò ó lónìí gbọ́dọ̀ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rò pé idán ni. Claire Trevor, òṣèrébìnrin tó ṣe ọ̀rẹ́bìnrin Steele, náà yẹ fún iṣẹ́ tó ju kó máa tẹ̀ lé Steele kiri lọ.