Preaction sprinkler tí wọ́n ṣe sí yàrá fáìlì wa ní Broad Street: ẹ̀rọ yẹn dáa, àwọn tó wá ṣe é ni kẹ́ ẹ ṣọ́

Ẹ jẹ́ n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí: ó wọ́n. Ó wọ́n ju sprinkler lásán, ìyẹn páìpù òkè àjà tó ń fọ́n omi paná, lọ dáadáa, torí ẹrù méjì lẹ ń rà pọ̀, ẹ ń ra sprinkler, ẹ tún ń ra detector tó ń gbóòórùn èéfín àti panel tó ń darí ẹ̀, compressor tó ń fún páìpù ní atẹ́gùn náà ò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká tún yàn lónìí, òun náà la máa tún mú. Fún yàrá yẹn o, mi ò sọ pé fún gbogbo ilé.

Yàrá yẹn ni wọ́n kó server àti fáìlì àwọn oníbàárà wa sí, ìwé ilẹ̀, ìwé àdéhùn, òmíràn nínú ẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí mi. Iná á bà á jẹ́, omi náà á bà á jẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Sprinkler tó wọ́pọ̀, omi ló kún inú páìpù ẹ̀ tọ̀sán-tòru, kápẹ́ńtà kan kàn lè ṣèèṣì fi àkàbà gbá orí ẹ̀ kan níbi tó ti ń tún síìlì ṣe, omi á sì ya lu server láìsí iná kankan. Àwọn kan wá polówó gáàsì tó ń paná fún wa. Gáàsì dáa tí yàrá bá dí pa tí kò sí ibi tó lè gbà jò, yàrá tiwa ní ihò lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn ẹ̀ gan-an kì í wọlé tán, gáàsì á kàn jáde lọ Marina ni.

Báyìí ni preaction ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí omi nínú páìpù tó wà lókè orí wa. Atẹ́gùn ló wà níbẹ̀, àwọn míì ń lo nitrogen torí kì í jẹ́ kí páìpù tètè dípẹtà. Omi dúró lẹ́yìn fáàfù ńlá kan tó tì pa. Tí èéfín bá yọ, detector á gbóòórùn ẹ̀, á ránṣẹ́ sí panel, panel á ṣí solenoid, fáàfù kékeré kan báyìí tó ń lo iná mànàmáná. Omi díẹ̀ wà tó ń fi agbára ti ilẹ̀kùn fáàfù ńlá yẹn pa, ojú solenoid ló máa gbà jò dànù, bí agbára ẹ̀ bá ṣe ń lọlẹ̀ báyìí ni fáàfù ńlá á ṣí, omi á sáré kún gbogbo páìpù. Ẹ wá fetí sí mi dáadáa o: omi ti dé inú páìpù, kò tíì jáde. Orí sprinkler kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì kékeré tí omi aláwọ̀ wà nínú ẹ̀, ooru ló ń fọ́ ọ. Pupa ni tiwa, ó ń fọ́ tí ibẹ̀ bá gbóná dé 68°C. Èyí tó bá láwọ̀ ọsàn, 57 ni, yẹ́lò 79, gíríìnì 93, búlúù 141. Orí tí gíláàsì ẹ̀ bá fọ́ nìkan ni omi á ti jáde, àwọn yòókù á dúró jẹ́ẹ́. Èyí tẹ́ ẹ ń rí nínú fíìmù tí gbogbo ẹ̀ á dà wàà lẹ́ẹ̀kan náà, ti deluge nìyẹn, tí orí ẹ̀ ti wà ní ṣíṣí látilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò nídìí transformer ńlá.

Ẹ rò ó bí àpótí owó ẹgbẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, akápò mú ọ̀kan, alága mú ọ̀kan. Èéfín lákọ̀ọ́kọ́, ooru tẹ̀ lé e, kí omi tó kan fáìlì.

Irú mẹ́ta ló wà, ibẹ̀ sì ni ẹnjiníà àwọn tó wá ṣe é ti fẹ́ẹ́ gbá wa lójú. Non-interlock, yálà detector pariwo ni o àbí orí kan fọ́ ni o, fáàfù á ṣí. Single interlock, detector nìkan ló lè ṣí i. Double interlock, detector gbọ́dọ̀ pariwo, orí náà gbọ́dọ̀ ti fọ́ kí atẹ́gùn jò, kí omi tó wọ páìpù rárá. Ẹnjiníà ń ti double sí wa lọ́rùn, ó ní òun ló ní ààbò jù. Àǹtí tó jẹ́ ọ̀gá akáńtì wa kàn wò ó, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, tí iná bá ti ń jó tí detector yín ò wá gbọ́ ńkọ́?" Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìwé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nínú single àti double, tí detector bá kú, omi ò ní wá fúnra ẹ̀, ẹnì kan ló máa fọwọ́ fa ohun tí wọ́n fi ń tú u sílẹ̀. Non-interlock nìkan ni orí tó fọ́ lè dá pe omi. Kí ló dé tá ò wá mú ìyẹn? NEPA ni jàre. Iná lè lọ, kí compressor dákẹ́, kí atẹ́gùn jò tán díẹ̀díẹ̀, fáàfù á rò pé orí ti fọ́, á ṣí, omi á kún páìpù láàárín òru tí ẹnì kankan ò sí nílé. Double ní tiẹ̀ máa ń pẹ́, torí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ jáde kí omi tó dé ibi iná, débi pé NFPA 13, ìlànà sprinkler tàwọn ará Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi ìdá 30 nínú 100 kún ibi tí wọ́n máa ṣírò pé omi á kárí. Yàrá yìnyín ló yẹ ẹ́ jù, irú ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Ìjòrá, níbi tí omi tó bá ṣèèṣì wọ páìpù á dì gbagidi. Fáìlì ò nílò ìyẹn. Single la mú.

Àfi bí àwọn tó wá so AC ṣe wá dán an wò fún wa láìmọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé páìpù AC kọjá, ó fi ìdí ẹ̀ gbá orí sprinkler kan, gíláàsì fọ́ yángá. Ariwo atẹ́gùn sọ, fùùù, panel bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé atẹ́gùn ti lọ sílẹ̀, gbogbo wa sá wọlé pẹ̀lú ọ̀rá tá a fẹ́ fi bo server, ọmọ yẹn ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Omi ò kán. Ẹ̀kán kan ò kán. Tó bá jẹ́ ti omi tó máa ń wà nínú páìpù ni, ìwé ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì ì bá ti di ẹ̀kọ. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá wa dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ó wá ku àwọn tó wá ṣe é. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì wọn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé kejì gba ojú fèrèsé wọlé, detector kan ṣoṣo gbóòórùn ẹ̀, fáàfù ṣí, omi kún páìpù. Kò jáde ṣá, torí kò sí ooru, ṣùgbọ́n àwa la máa pè wọ́n kí wọ́n wá fà á dànù kí wọ́n tún fáàfù tò. Ó yẹ kí wọ́n ti pín detector sí ọ̀nà méjì, kí ẹyọ kan kàn fi bẹ́ẹ̀lì pariwo, kí ó di pé ìkejì náà gbóòórùn kí panel tó tú omi. Ní Lagos níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ wà lóòjọ́ tí erùpẹ̀ ọyẹ́ tún ń wọnú detector, ṣé ó yẹ kí oníbàárà máa kọ́ wọn nìyẹn ni? Wọ́n ṣe é nígbà tá a pariwo. Páìpù kan tún tẹ̀ láàárín, wọn ò jẹ́ kó dagẹrẹ síbi tí wọ́n ti ń fa omi, omi tó kù níbẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn compressor, dípẹtà ló máa fà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. À ń retí wọn.

Compressor ń pariwo. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèyàn ń jókòó. Panel ní bátìrì tiẹ̀ tó yẹ kó gbé e fún wákàtí 24 tí NEPA bá ṣe tiwọn, ẹ ní kí wọ́n pa iná lójú yín kẹ́ ẹ rí i. Ẹ tún lọ wo táǹkì ilé àti pọ́ǹpù iná, torí gbogbo ọgbọ́n tí mò ń ròyìn yìí, tí táǹkì bá gbẹ, páìpù lásán ni. Àwọn tó ń bójú tó ilé tiwa ń fa omi táǹkì yẹn fọ mọ́tò nígbà kan! A ti yanjú ẹ̀. Panel tiwa ò sì lè dá pe panápaná, a ṣì ń lẹ nọ́ńbà 767 àti 112 mọ́ ara ògiri, ilé NET, ilé gogoro àwọn tó ń rí sí tẹlifóònù ilẹ̀ òkèèrè, tó jó ní Marina ní 1983 ò jìnnà sí wa, àwọn àgbà ọ́fíìsì wa ò jẹ́ ká gbàgbé.

Ẹ̀rọ, mo fún un ní 4 nínú 5, compressor ló gba ẹyọ kan yẹn. Àwọn tó ṣe é, 2, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ń gbé fóònù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún wọ́n á wá fi èéfín dán detector wò, kí fáàfù ṣí lójú yín, kí wọ́n fa omi dànù tán. Ẹ má san owó tó kẹ́yìn títí wọ́n á fi fún yín ní ìwé àwòrán páìpù. Àwa ti san tiwa, a ò tíì rí ìwé. Mo tún pè wọ́n láàárọ̀, wọ́n ní ẹni tó yà á ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú.